Ìyẹ́ fóòmù tó fi imú sọlẹ̀: àkọsílẹ̀ nọ́ńbà 12 kan nínú rìmóòtù

Láti pápá títí a fi dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi ò sọ̀rọ̀. Ó gbé ìyẹ́ fóòmù náà, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ń fi rìmóòtù darí, lé itan nínú Márúwá. Imú rẹ̀ ti wó wọnú, bátìrì ti yọ kúrò nílé rẹ̀, eyín inú servo ọ̀tún, mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí abala ìyẹ́, sì ti ká; tí o bá fọwọ́ yí apá rẹ̀, á kàn máa yọ̀ ni. Ìgbà tí a jókòó tán ló tó lanu: "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á. Ọwọ́ mi ò tíì gún régé." Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mo ní bíbalẹ̀ ló le jù fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ọkọ̀ yìí.

Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ náà gún régé. Nọ́ńbà kan tí a kọ sínú rìmóòtù ló gbé imú ọkọ̀ náà sọlẹ̀, èmi gan-an ni mo sì fọwọ́ ara mi bo nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀ tí kò fi hàn. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí, torí pé àṣìṣe yìí máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó ń fò ó, ẹni náà á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ọkọ̀ tí à ń sọ ò ní ìrù. Ìyẹ́ nìkan ni láti ìhín dé ọ̀hún, sẹ̀ǹtímítà 90, tí a fi fóòmù bọ́ọ̀dù táwọn ọmọléèwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ gé. Mọ́tọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn, lórí pákó kékeré kan tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 3 ga ju ojú ìyẹ́ lọ, fáànù rẹ̀ sì ń ti ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Létí ẹ̀yìn ìyẹ́ ni abala méjì wà tó ń jù sókè sódò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Elevon là ń pè wọ́n. Tí méjèèjì bá gbé sókè pọ̀, imú ọkọ̀ á gbé sókè. Tí tọ̀tún bá gbé sókè tí tòsì wálẹ̀, ọkọ̀ á dà sí ọ̀tún. Kò sí nǹkan mìíràn tó ń darí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn nípa irú ìyẹ́ báyìí. Kì í fò tí etí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ. Elevon méjèèjì gbọ́dọ̀ gbé sókè díẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ọ̀pá ìdarí orí rìmóòtù, torí pé kò sí ìrù tó máa bá a di imú mú. Tiwa, mílímítà 2 ni. Mílímítà 2, ìwọ̀n tí èèyàn á fojú kéré pátápátá, òun ni gbogbo ohun tó ń gbé imú ọkọ̀ náà ró.

Rìmóòtù wa jẹ́ RadioMaster TX12, EdgeTX ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ìyẹn ètò tó yà lára OpenTX lọ́dún 2021. Mo fẹ́ràn EdgeTX torí pé kì í fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ojú-ìwé mẹ́ta ló ṣe kókó nínú rẹ̀. INPUTS ló ń ka ọwọ́ rẹ lórí ọ̀pá. MIXES ni ilé ìdáná, ibẹ̀ la ti ń po ohun tí ìkànnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà dé servo tàbí mọ́tọ̀ kan, máa gbé jáde. OUTPUTS ni ẹnu ọ̀nà: bí servo ṣe máa yí jìnnà tó, apá ibi tó máa yí sí, àti ibi tí àárín rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ọ̀kan fún èkejì, wàhálà ló ń wá. Ká ní servo kan ń yí sódì. OUTPUTS ni ká lọ yí i padà. Tó bá jẹ́ inú MIXES lo ti lọ yí àmì Ele rẹ̀ (àṣẹ tó ń gbé imú sókè sódò), o máa fa ọ̀pá, elevon méjèèjì á gbé sókè pọ̀, ọkàn rẹ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n Ail (àṣẹ tó ń mú ọkọ̀ yà) lórí servo yẹn ṣì ń lọ sódì. Ìgbà tí o bá fẹ́ yà lófuurufú ni wàá rí i pé elevon méjèèjì jọ ń lọ sí ibì kan náà, ọkọ̀ ò sì ní yà, imú ni yóò máa gbé sókè tàbí kó máa tẹ̀ wálẹ̀. Tiwa kọ́ nìyẹn o, àmọ́ ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Ohun tó wà nínú MIXES wa rèé. Ìkànnì 1 ní Ele 50 àti Ail 50. Ìkànnì 2 ní Ele 50 àti Ail −50. Ìdí tó fi jẹ́ 50 ni pé ìkànnì kan ò lè kọjá 100 tí a bá fi ààlà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Tí o bá kọ 100 fún Ele, tí o tún kọ 100 fún Ail, tí o wá fa méjèèjì dé òpin lẹ́ẹ̀kan, ìkànnì kan á fẹ́ di 200, wọ́n á gé e sí 100, èkejì á di òdo. Agbára tí o fi ń gbé imú àti èyí tí o fi ń yà á wá já sí ìdajì, lásìkò tí o nílò wọn jù.

Abẹ́ ìlà méjèèjì yẹn ni ọmọ iṣẹ́ mi ti fi ìkẹta kún un. Ó ti kíyè sí i lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ní, "Ọ̀gá, tí mo bá ti throttle dé òkè, ńṣe ló máa ń tẹrí ba." Òótọ́ ni. Throttle ni ọ̀pá tó ń mú kí fáànù yára. Mọ́tọ̀ wà lókè, ìwúwo ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀; bí fáànù bá ti ti òkè, imú á tẹ̀ wálẹ̀. Ó wá ronú pé kí rìmóòtù fúnra rẹ̀ máa gbé elevon sókè díẹ̀ bí throttle bá ṣe ń lọ sókè. Èrò tó dáa ni, àwọn tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ yìí náà ń ṣe é. Lórí ìkànnì 1 àti ìkànnì 2, ó kọ Thr, 12, Add: kí a mú 12 nínú ọgọ́rùn-ún throttle, kí a fi kún ohun tó wà níbẹ̀. Irú ìlà báyìí là ń pè ní mix.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé tí fáànù bá dúró, 12 yẹn á jẹ́ òdo, tí throttle bá dé òkè, á pé 12. Ojú tí gbogbo wa fi ń wo ọ̀pá throttle nìyẹn. Kì í dá padà sí àárín bíi ti àwọn yòókù, ibi tí o bá fi í sí ló ń dúró sí, nítorí náà ìsàlẹ̀ rẹ̀ là ń pè ní òdo. Rìmóòtù ò mọ̀yẹn. Lójú tirẹ̀, ọ̀pá ni ọ̀pá: ìsàlẹ̀ jẹ́ −100, àárín jẹ́ 0, òkè jẹ́ 100. Ìlà tí ọmọ náà kọ ń gbé elevon sókè 12 nígbà tí throttle bá wà lókè lóòótọ́. Nígbà tí throttle bá wà nísàlẹ̀, ó ń tẹ elevon náà wálẹ̀ 12. Lórí ọkọ̀ wa, 12 jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 2.

Mílímítà 2 náà ni a fi gbé imú ró.

Ó yẹ kí a ti rí i lórí tábìlì. A tan rìmóòtù, a fi bátìrì sí ọkọ̀, mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ìyẹ́, mo rí i pé elevon méjèèjì ti wálẹ̀, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo bi í pé, "Ṣé o yí wáyà ìtìsẹ́yìn tó so servo mọ́ elevon ni?" Ó ní òun ò yí i. Mo ní kó lọ sí OUTPUTS, kó fi subtrim, nọ́ńbà tó ń sún àárín servo, gbé méjèèjì sókè títí mílímítà 2 yóò fi padà. Ó ṣe é. Rúlà wà lọ́wọ́ mi, mo wọ̀n ọ́n, ó pé. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyẹn, mo sì ti ro ó lọ ro ó bọ̀ látìgbà náà. Elevon kì í ṣàdédé wálẹ̀ mílímítà 2. Nǹkan ló tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, dípò kí n bi í pé kí ló tẹ̀ ẹ́, mo gbé e padà sókè. Ohun tó tún jẹ́ kó rọrùn láti ṣì í ni pé EdgeTX máa ń dá ọ dúró tí throttle ò bá sí nísàlẹ̀ nígbà tí o bá tan rìmóòtù. Á kìlọ̀, á dúró dè ọ́ títí wàá fi fà á wálẹ̀ tàbí tí wàá fi tẹ bọ́tìnì. Ààbò ni, torí fáànù tó bá ṣàdédé yí lè gé ìka. Àmọ́ ó sọ ọ́ di àṣà pé throttle máa ń wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá ń yẹ elevon wò lórí tábìlì. Ibì kan ṣoṣo tí subtrim mi ti bá mix náà dọ́gba, ibẹ̀ gan-an la ti wò ó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Subtrim gbé e sókè 12. Throttle nísàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ 12. Àpapọ̀ jẹ́ òdo, ojú wa rí ohun tó dáa. Throttle ní àárín: 12 sókè. Throttle lókè pátápátá: 24 sókè.

Ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Mọ́níyà, tí wọ́n ti yọ̀ǹda fún wa láti máa lò lọ́jọ́ Sátidé, mo ti throttle dé òkè fún un, mo sì ju ọkọ̀ náà. Kò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ tán tó ti dojú kọ ọ̀run. Ó gùn ún gbọnrangandan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dorí kodò. Ọmọ iṣẹ́ mi ni rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa throttle wálẹ̀ dé ìdajì, ara ọkọ̀ náà sì rọ̀. Imú ṣì ń gbé sókè, ó wá ń tẹ trim Ele, bọ́tìnì kékeré tó ń sún àárín ọ̀pá, síwájú, pin, pin, pin, títí rìmóòtù fi dún pé trim ti dé òpin. Ọkọ̀ náà tẹ́jú. Ó fi í yípo pápá fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó dùn-ún wò bí àwòdì.

Trim tó dé òpin yẹn, ó yẹ kó ti ta wá lólobó. Òpin trim jẹ́ 25, ṣùgbọ́n inú Ele ló ń gbà kọjá, Ele sì jẹ́ 50 nínú mix, nítorí náà ìdajì rẹ̀ ló ń dé elevon: bíi 12. Ó gba gbogbo trim tó wà nínú rìmóòtù láti pa subtrim mi rẹ́. Ní ìdajì throttle, gbogbo nǹkan wá padà sí ibi tó yẹ kó wà, ìyẹn ló jẹ́ kó fò dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, níbi tí throttle máa wà nígbà tí a bá fẹ́ balẹ̀, kò sí ohun tó ń di 12 yẹn mú mọ́.

Ó gbé e wá fún bíbalẹ̀ lójú atẹ́gùn, bó ṣe yẹ. Ó rọra ń bọ̀, ó ga tó igi òkè góòlù. Ó fa throttle wálẹ̀ pátápátá kó lè rá bàbà sórí koríko. Imú tẹ̀ wálẹ̀ lójijì, ó sì sọlẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fura sí ni bátìrì, torí iṣẹ́ mi ni bátìrì àti ínfátà. Mo wọ̀n ọ́n, kò sóhun tó ṣe é. Mo tún wọn ibi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ọkọ̀ lẹ́yìn tí a lẹ imú rẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Lọ́jọ́ kẹta ni mo rántí pé mo ti ní kí rìmóòtù máa kọ àkọsílẹ̀ sórí káàdì rẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà. Inú àkọsílẹ̀ yẹn, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan máa ń lọ láti −1024 dé 1024. Mo lọ sí àwọn ìlà tó gbẹ̀yìn. Thr ti di −1024. Lórí ìlà kejì lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà Ele ti dé òpin, níhà ibi tí a ń fa ọ̀pá sí.

Mo pe ọmọ náà, mo fi ìka hàn án. "Wò ó. O fa ọ̀pá, o sì fà á dé òpin. Kò tíì pé ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan." Ó wo nọ́ńbà náà títí. Ó ní, "Mo rò pé mi ò rántí fà á ni, Ọ̀gá." Ọjọ́ mẹ́ta ló ti gbé ìyẹn kiri lọ́kàn.

Tí ọwọ́ bá ti fà á, a jẹ́ pé ohun kan wà láàárín ọwọ́ àti servo. Mo gbé rìmóòtù sórí tábìlì, láìsí ọkọ̀, láìsí bátìrì, mo ṣí ojú-ìwé tó ń fi ìkànnì hàn bí ọ̀pá tóóró-tóóró. Mi ò fọwọ́ kan Ele àti Ail. Mo rọra gbé throttle láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọ̀pá ìkànnì 3, ti mọ́tọ̀, ń gùn, bó ṣe yẹ kó rí. Ìkànnì 1 náà sì ń rìn lọ pẹ̀lú rẹ̀: −12, 0, 12. Ìkànnì 2 ń ṣe bákan náà lódìkejì, torí servo tirẹ̀ kọjú sí òdìkejì. Ọmọ náà pariwo: "Ọ̀gá! Òun nìyẹn!"

A tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Trim padà sí òdo. Subtrim padà sí òdo. A pa ìlà Thr méjèèjì rẹ́. Servo ọ̀tún di tuntun. A wá fi ọwọ́ ṣe ohun tó yẹ kó ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ látìbẹ̀rẹ̀: a tú apá servo, a tún un fi sórí eyín rẹ̀ kó lè dúró ṣánṣán, a sì yí wáyà ìtìsẹ́yìn títí elevon fi gbé sókè mílímítà 2. Ibi tí eyín ò bá ti jẹ́ kí apá dúró ṣánṣán gẹ́lẹ́ ni mo gbà kí subtrim dá sí, nọ́ńbà kékeré bíi 3 tàbí 4. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, mo ń wá ìdí.

Ká tó kọ mix kankan, mo fi pákó tín-ín-rín kan sábẹ́ ẹ̀yìn ìjókòó mọ́tọ̀, kí ìhà fáànù gbé sókè díẹ̀, kí títì rẹ̀ lè darí sún mọ́ ibi tí ìwúwo ọkọ̀ wà. Ohun tí pákó lè tún ṣe, mi ò fẹ́ kí a máa gbé e lé rìmóòtù lórí. A fò ó bẹ́ẹ̀ láìsí mix throttle rárá. Ó ṣì ń tẹrí ba lókè throttle, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni ọmọ iṣẹ́ mi tún kọ ìlà rẹ̀, lọ́tọ̀ báyìí. Ó ya ìlà oníbi márùn-ún lójú-ìwé CURVES: 0, 0, 0, 50, 100. Láti ìsàlẹ̀ throttle dé àárín, òdo. Láti àárín lọ sókè ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé. Ó fi 4 sí i, dípò 12. Ó fi sábẹ́ switch SB kó lè pa á lófuurufú tí kò bá bá a lára mu, ó sì fi slow sí i kí elevon má máa ta sókè lójijì tí throttle bá yára. Nígbà tó ṣírò ìkànnì 1, ó rí i pé Ele 50, Ail 50 àti 4 ti ju 100 lọ, ó wá dín Ele àti Ail sí 45. Mi ò sọ ìyẹn fún un. Òun ló rí i.

A tú fáànù kúrò. Mo di ọkọ̀ mú, ó gbé throttle sísàlẹ̀, ó wọn elevon. Sáàárín, ó wọ̀n ọ́n. Sókè, ó wọ̀n ọ́n. Mílímítà 2, mílímítà 2, lókè ó lé díẹ̀. Ó fi bírò kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sábẹ́ ìyẹ́, sórí fóòmù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo jù ú, ó lọ tààrà. Ó tẹ trim lẹ́ẹ̀mejì péré. Nígbà tó ń gbé e bọ̀ fún bíbalẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fẹ́ fa throttle wálẹ̀. Mo ní, "Fà á." Ó fà á. Ìyẹ́ náà ń rá bàbà, ó ń lọ, ó kọjá níwájú wa, ó fi ikùn kan koríko, ó yọ̀ lọ díẹ̀, ó dúró. Ó sáré lọ bá a. Kò tíì yọ bátìrì tó ti fa rúlà yọ lápò, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ìyẹ́, ó ń wọn elevon.